Ìràwọ̀ Kan Péré fún Fíìmù Àwọn Oníjìbìtì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Olùdarí fíìmù yín ti sọ ọ́ lórí rédíò, etí ara mi ni mo sì fi gbọ́ ọ, pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, a kò tíì rí fíìmù tó pani lẹ́rìn-ín tó tiyín yìí, àti pé ẹni tó bá wò ó tí kò rẹ́rìn-ín, kó tètè lọ rí dókítà. Mo ti lọ. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé mi lápá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kí ló ń ṣe mí, mo ní mo wo eré apanilẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò sì wá. Ó ní òun náà wò ó, kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó kù.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Bí o bá béèrè tiwa, a dúpẹ́, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, orúnkún ọ̀tún mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ní tòògbé, láṣẹ Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí a ń pè ní Abẹ́rẹ́-ò-sùn la ti wò ó, nítorí òun ló ní fóònù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ jù. Ó gbé e ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ, a tó ọgbọ̀n ènìyàn tó há síbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu àwọn tó wà níwájú. Nígbà tí o yọ, ìyá rẹ fò sókè, okùn bàtà rẹ̀ já. Bí eré ṣe wọra díẹ̀, obìnrin kan jáde tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kó fojú sí obìnrin yẹn lára, òun ni olórí àwọn oníjìbìtì, nítorí kò sẹ́ni tó lè fọ àbààwọ́n epo kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kò lọ́wọ́ magomágo nínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde. A dè é títí eré fi parí, wọn ò mú un. Abẹ́rẹ́-ò-sùn ní ìpolówó ọṣẹ ni. Mo ní bó bá jẹ́ ìpolówó náà ni, obìnrin yẹn nìkan ló mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀.

Nígbà tó parí, fóònù ní ká fún eré náà ní ìràwọ̀, láti oókan dé márùn-ún. O mọ iṣẹ́ tí mo fi ọdún márùndínlógójì ṣe. Ní kíláàsì tèmi, ẹni tó ṣe ipò kìíní ló mọ̀wé jù, ẹni tó ṣe ipò karùn-ún, kó lọ tún ara mú. Mo bá dìde, mo kéde pé ọmọ wa ló wà nínú rẹ̀, kí oníkálukú fún un ní oókan. Fóònù mẹ́rìndínlógún, ọmọ mi! Ìyá rẹ tiẹ̀ béèrè bóyá òdo wà níbẹ̀, kóun fún un ní òdo, kó lè ṣáájú ẹni tó ṣe ipò kìíní. Abẹ́rẹ́-ò-sùn wá kọ ọ́ sí i nísàlẹ̀ pé ọmọ Tíṣà wa ni, oókan la fún un tayọ̀tayọ̀.

Ọjọ́ kejì lo fi ẹkún pè, pé olùdarí yín ti rí i, pé bí a ò bá sọ ọ́ di márùn-ún kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí o gbàgbé apá kejì. Ọkàn mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í yí máàkì padà láì tún ìwé yẹ̀ wò, mo bá tún eré náà wò, èmi nìkan, pẹ̀lú gègé lọ́wọ́.

Àwọn ọlọ́gbọ́n márùn-ún ló fi oṣù mẹ́fà pète bí wọ́n ṣe máa gba ilé lọ́wọ́ olówó kan, olówó náà sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Jìbìtì wo ló wà ńbẹ̀? Bàbá àgbà òṣèré yẹn, tó jẹ́ pé bó bá dákẹ́ lásán, àwọn òǹwòran á gbàgbé láti mí, òun ni wọ́n tì sí kòtò lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin olóhùn oyin yẹn, wọ́n fi aṣọ dì í lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ tí o ṣe ìyá olè nínú eré ìparí ọdún, lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tí ọ̀gá tó wá yẹ ilé ìwé wò fi ń nu ojú, ìwọ ni wọ́n gbé àwo lé lọ́wọ́ kí o wá sọ pé ọ̀gá, wọ́n ti dé. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Síbẹ̀, bí o ṣe sọ ọ́, mo bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn. Wọ́n kó ọbẹ tó mú jọ, omi ni wọ́n ń fi wọ́n gé.

Àwọn ará ibí ti yí tiwọn padà sí márùn-ún, gbogbo wọn pátá, wọ́n ní àwọn ṣáà fẹ́ rí ọ ní apá kejì, bó ṣe ẹ̀yìn rẹ nìkan ni wọ́n máa fi hàn. Mi ò bá wọn wí. Tèmi ló kù. Wọ́n ní Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi máàkì ba oúnjẹ ọmọ yín jẹ́. Ó pẹ́ kí àtàǹpàkò mi tó balẹ̀. Ìwọ gan-an, mo fún ọ ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá rí nínú ìṣirò, ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo tẹ méjì. Ọ̀kan fún bàbá inú kòtò, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ mẹ́rin rẹ.

Bí ọ̀gá rẹ bá tìtorí èyí lé ọ, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ṣe é, kó wá bá mi. Bí kò bá lé ọ, kí o tó fọwọ́ síwèé, ní kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ di ogún, ó kéré tán.

Fi owó bàtà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, kí o sì fi owó dátà kún un fún Abẹ́rẹ́-ò-sùn, tirẹ̀ la lò tán. Ẹnu rẹ kò ní wọ́n lójú ayé. Ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ ọ, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ máa gbé ọ dé.

Èmi ni bàbá rẹ, Tíṣà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Lẹ́yìn tí mo tẹ méjì, fóònù ní kí n kọ èrò mi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe fíìmù. Ìbéèrè kan ni mo kọ, ó di ọjọ́ kẹrin lónìí, wọn ò tíì fọhùn: ta ló ka ìwé eré yìí kí ẹ tó tan kámẹ́rà?