Ẹ Pe Eyínfúnjowó Lórúkọ

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá. Mo kí Táǹtí Ọláwùmí, àbúrò Bàbá, tí ẹ̀yin ìyàwó ilé ń pè ní Eyínfúnjowó. Mo kí àkùkọ yín náà, èyí tó máa ń lé mi wọ balùwẹ̀. Ẹ sọ fún un pé mi ò tíì gbàgbé.

Ara mi le. Kùtọnu ń gbóná bí inú ìkòkò, òógùn ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ lára ẹni. Lọ́jọ́ Àìkú tí búrò, ọ́fíìsì wa, bá tì, kò sẹ́ni tí mo lè sín jẹ, yàrá mi á wá pa lọ́lọ́. N ó sọ̀rọ̀ ní ohùn Bàbá, n ó fi ohùn yín dáhùn. Ẹ̀yin méjèèjì sì máa ń jà.

Ẹ ní ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa sọ fún àwọn ará ìlú wa, Bessé, tí wọ́n bá bi yín níṣẹ́ mi. Ìwé àwọn aláìsàn là ń tọ́jú. Tẹ́lẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ni wọ́n ń tò ó sí, tí ikán ń jẹ ẹ́. Nísinsìnyí, inú àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó wà lókè òkun, tí a ń yá lò, la ń kó o sí. Àwọsánmà ni wọ́n ń pè é. Ẹ bi mí lórí fóònù pé tí ọyẹ́ bá dé, tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, níbo ni àìsàn àwọn ènìyàn máa sá gbà. Mo sọ ọ́ ní búrò, ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí ojú rẹ̀. Kì í ṣe ojú ọ̀run, Màámi. Ilé ni, ó ní òrùlé, ẹ̀dà ìwé kan náà sì wà nílé mìíràn, kí gbogbo rẹ̀ má bàa ṣègbé lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ mọ̀. Nítorí ẹnu mi ni wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá rí fáìlì méjì tó jọ ti ẹnì kan ṣoṣo, èmi ni mo ń pe ilé ìwòsàn láti béèrè. Mo ń bá ará Kétu sọ ti Kétu, mo ń bá Fọ̀n sọ Fọ̀n, wọ́n á rò pé ọmọ ilé wọn ni mí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún Táǹtí ní ìparí oṣù. Inú mi dùn. Ẹ wá ní ẹ̀yin lẹ mú wọn lọ forúkọ sílẹ̀, pé gẹ̀gẹ̀ ò jẹ́ kí ohùn wọn jáde, ẹ̀yin lẹ dáhùn gbogbo ìbéèrè. Mo bi yín pé orúkọ wo lẹ dá. Ẹ ní èwo tún ni, Eyínfúnjowó ni, àbí mo fẹ́ kí ẹ máa pe ọmọ ilé ọkọ yín lórúkọ ni.

Màámi, ẹ rántí ìgbà tí wọ́n gún Táǹtí lábẹ́rẹ́, tí ojú wọn wú, tí wọn ò lè mí dáadáa? Mo kéré nígbà náà, mo sì ń sín ohùn wọn jẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ gbá mi létí, ó tọ́ sí mi. Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ gún un fún wọn mọ́. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ikán ti jẹ ìwé ọwọ́ Táǹtí. Àwọsánmà nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, inú fáìlì Ọláwùmí ló sì wà. Dókítà yóò ṣí fáìlì Eyínfúnjowó, yóò bá a lófìfo, yóò sì gún abẹ́rẹ́ tó bá wù ú.

Ó ṣe mí bíi pé kí n fi ohùn olórí ilé ìwòsàn pe àwọn tó ń so fáìlì pọ̀. Mo lè ṣe é, ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ohùn ọ̀gá wa rán ọlọ́dẹ wa lọ ra àkàrà fún gbogbo búrò rí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ara mi ni mo fi lọ bá ọ̀gá. Ó ní mi ò gbọdọ̀ ṣí fáìlì ẹbí mi, pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i, orúkọ rẹ̀ á hàn níbẹ̀. Ó ní Ọláwùmí pọ̀, tí a bá so ìwé ẹlòmíràn mọ́ ti Táǹtí, a lè ṣe ènìyàn méjì léṣe. Ẹni tó fi orúkọ kejì sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mú aláìsàn lọ, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ méjèèjì, kí ó ní ẹnì kan náà ni, kí ó sì tẹ̀ka. Ọ̀gá ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ń retí yín.

Ẹ̀yin ni, Màámi. Ẹ má tọ́ka sí wọn. Ẹ má ní kí akọ̀wé fojú inú mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé yín wọ ilé wa, orúkọ yẹn ò tíì jáde lẹ́nu yín. Bàbá ti gbà. Mo pe Táǹtí náà, wọ́n fi ohùn wẹ́lẹ́ wọn sọ pé ẹ lè pè é, ṣùgbọ́n ìtanràn wà: àkùkọ yín ni. Ẹ fún wọn! Wọ́n tún ní kí n jẹ́ kí gbogbo ìyàwó ilé gbọ́ lẹ́tà yìí, títí dé Sakin àti Boni nítòsí yín, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń bọ̀wọ̀ fún ilé ọkọ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

N ó máa pè yín láràárọ̀ títí ẹ ó fi lọ. Mi ò ní dákẹ́. Lánàá, mo fi ohùn yín pe Ọláwùmí nínú yàrá mi, ó jọ yín débi pé èmi alára dìde dúró. Àmọ́ irọ́ ni tèmi. Tiyín ni wọ́n nílò.

Ọlọ́run á fún yín lẹ́nu láti pè é, á mú Táǹtí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, á mú wọn jáde láyọ̀, wọ́n á sì fi eyín funfun yẹn fa àkùkọ náà ya. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, lágbà léwe.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń sín yín jẹ,
Bíọ́dún