Òrí Ṣakí Lórí Ilẹ̀ Sìmẹ́ǹtì

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ara. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lálúpọn, mo sì kí ẹni tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi kọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà kò já sí asán.

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó Àlàbí ọmọ mi, ti bí ọkùnrin. Àjàní ni a pè é. Ìdòwú àbúrò Àlàbí ti gbé ọmọ Ẹgbẹ́dá kan níyàwó. Ó ku Adúkẹ́, àbígbẹ̀yìn mi. Lọ́la ni àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe ìdána, òun ló sì kó mi láyà sókè báyìí.

Ilé onísìmẹ́ǹtì ni Àlàbí kọ́. Ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ rí bí eérú, mo sì ní màá kùn ún kó pọ́n bí ẹ ṣe máa ń kun ilẹ̀ yín ní Ṣakí. Làmídì, bíríkìlà tó tẹ́ ẹ, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, amọ̀ lẹ mọ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í mu omi ògì." Mo ní, "Làmídì, ọmọ tó bá ti mu ọmú, yóò mu ògì."

Mo rẹ irin ọkọ́ tó ti dípẹtà sínú omidùn ògì kíkan títí ó fi dúdú. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ dáadáa, mo fi aṣọ kun ún láàárọ̀ àná. Ibì kan pọ́n bí obì. Ibì kan kò gbà á rárá. Omi ń yí dànù lórí rẹ̀ bí òjò lórí ewé kókò. Pálọ̀ wá rí kàlákìní bí awọ ewúrẹ́.

Àlàbí wò ó. Ó ní tí kò bá dára kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí Làmídì ha á, kó tẹ́ òmíràn, òun yóò sì ní kí àwọn àna má tíì wá. Adúkẹ́ gbọ́, ó wọ yàrá lọ. Ìyá mi, ìdána tí a bá sún síwájú, ẹnu ayé kì í kúrò lára rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yín níbí tí mo lè bi.

Mo fọwọ́ pa ibi tó funfun, ó ń yọ̀. Mo gbóòórùn ọwọ́ mi: òrí Ṣakí ni. Mo pe Àbẹ̀kẹ́ sí kọ̀rọ̀. Ó ní òun máa ń rí mi tí mo ń fi òrí pa ilẹ̀ amọ̀ ilé ìdáná, ni òun ṣe fi èyí tí ẹ ti fi ránṣẹ́ de ìbí ọmọ pa pálọ̀ sílẹ̀ dè mí, kí iṣẹ́ mi lè fúyẹ́. Ó ń bẹ̀ mí pé, "Ìyá, ẹ má sọ fún Bàbá Àjàní."

Mi ò sọ. Àánú ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọ̀ ni òrí ń wá. Tó bá ṣáájú, ó ti di ilẹ̀ lẹ́nu. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwa méjèèjì fi omi eérú àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ wa fi bó. Òjò kò jẹ́ kó gbẹ, a gbé iná èédú wọlé. Ní ọ̀sán òní ni mo tún kùn ún. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Làmídì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òòlù wà lórí itan rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ wò ó ni. Ó ti pọ́n. Ibi tí ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ ti ń yí òrí ká nìkan ló mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó rí róbótó-róbótó. Làmídì bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó béèrè ẹni tó ya iṣẹ́ ọnà yẹn. Mo ní ìyàwó ilé ni. Ó ki òòlù bọ àpò. Adúkẹ́ ti ń gbálẹ̀ àgbàlá de àwọn àna.

Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó gbé Àjàní jó. Ṣílè mẹ́wàá wà lọ́wọ́ ẹni tó mú ìwé yìí wá. Ẹ fi ra òrí mìíràn fún wa. Ilẹ̀ ti fi ti ọmọ para tán.

Èmi ọmọ yín,
Àṣàkẹ́