Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Alágbàfọ̀ Tí Jẹjẹrẹ Ọmú Kọlù

Ọdún 1951 ni a bí bàbá wa, àkọ́bí bàbá tó jẹ́ káfíńtà àti ìyá tó jẹ́ agbẹ̀bí. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà kí wọ́n tó lọ kọ́ṣẹ́ alágbàfọ̀. Ní 1978 ni wọ́n gbé ìyá wa níyàwó, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, níbi tí àwọn oníbàárà ti sọ wọ́n ní Má-fi-dọ̀tí-hàn-mí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Àwọn ni wọ́n sì ń bá àwọn aláìsàn àdúgbò fọṣọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní 2016, ìyá wa rí ẹ̀jẹ̀ lára síńgílẹ́ẹ̀tì wọn, ní ọ̀gangan orí ọmú. Bàbá ní tábìlì tí àwọn ti ń lọṣọ ló gbá àwọn láyà. Oníkẹ́míìsì fún wọn ní ìpara. Kò pẹ́ tí orí ọmú náà fi wọnú, tí kókó líle kan sì yọ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá wa ò lè jẹun mọ́. Èyí tó jẹ́ tíṣà nínú àwa ọmọ ló fi ẹkún mú Bàbá dé ọsíbítù.

Obìnrin ló kún yàrá tí a ti dúró. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní, "Ìyá tó kàn dà?" Bàbá dìde. Wọ́n ya àwòrán àyà wọn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ yọ díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Títí èsì fi dé, bí fóònù bá ti dún, gbogbo wa á sáré sí i.

"Jẹjẹrẹ ọmú ni, Bàbá."

"Dókítà, ọkùnrin mà ni mí!"

"Ọkùnrin náà ní ọmú, sà. Kò kàn wọ́pọ̀ ni."

Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n fi ìtànṣán sun ibẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní oògùn oníhóró tí wọn óò máa lò fún ọdún mélòó kan. Oògùn náà a máa mú ooru bò wọ́n lójijì. Ìyá wa á ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ àwa tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró fún." Bàbá á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́, wọn kì í lè sùn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Jẹjẹrẹ náà ti wọ eegun. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé àjogúnbá ni, ó ṣeé ṣe kó wà lára àwa ọmọ. Ìyẹn ló ba Bàbá lẹ́rù ju ikú lọ. Àbíkẹ́yìn wa kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò náà, ó lóun ò fẹ́ mọ̀. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Èmi ò mọ̀, ìpara ni mo ń fi pa á. Ìwọ lọ mọ̀." Wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo wa: "Ẹ má kọ 'àìsàn ránpẹ́' sínú ìwé ìsìnkú mi o. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ọkùnrin míì gbọ́."

A ti pè é. Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ọmọọmọ márùn-ún sáyé lọ. Lọ́jọ́ Ajé, àbíkẹ́yìn wa gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun. Èsì kò tíì jáde.

Ẹ sùn un re, Bàbá. Ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run fún àbíkẹ́yìn yín.