Abala Òfin Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n ara mi le koko bí ọta, mo tiẹ̀ ti sanra.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe akọ̀wé kóòtù títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀rín á pa yín: ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ló ń bá wa wá òfin báyìí. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti dáhùn. Mo rántí ọ̀rọ̀ yín o, pé kí n ṣí ìwé kí n tó ṣí ẹnu.

Lóṣù tó kọjá, a mú ọkùnrin kan tó ń rán bàtà, wọ́n ní ó ra awọ tí wọ́n jí. Mo bi ẹ̀rọ náà bóyá a lè tì í mọ́lé ju ọjọ́ méjì lọ. Ó ní a lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún dárúkọ abala òfin. Ìwé òfin wà lẹ́yìn àga mi. N kò nawọ́ sí i. Mo kọ abala náà sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni lọ́yà rẹ̀ dé, tó ní kò sí irú abala bẹ́ẹ̀ láyé. Bàbá ọkùnrin náà ti kú nígbà tó wà látìmọ́lé, wọ́n sì ti sin ín láìsí òun níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé fún ọkùnrin náà. Ó rò pé èmi ni mo bá òun bẹ̀bẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú: "Ọ̀gá, Ọlọ́run á dá bàbá yín sí fún yín."

Mo ṣe àmín, Bàbá.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.