Ìrìn Tí Kò Níbi Tó Ń Lọ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ tí a kò tíì mọ orúkọ tí a ó máa pè é. Ṣé ara rẹ le? Ṣé oorun ń wá? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kò wú jù? Ọlọ́run tó gbé ẹrù náà lé ọ yóò bá ọ sọ̀ ọ́ ní ìrọ̀rùn, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Àwa náà wà ńlé. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò ti dákẹ́, àbúrò bàbá rẹ tó ń ṣe káfíńtà ló bá mi kan pákó sí i. Ewúrẹ́ tó máa ń jẹ aṣọ lórí okùn ti bímọ, ìwà rẹ̀ kò sì yí padà.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo kà á, mo tún un kà. O ní kí n má wàhálà láti wá bá ọ nígbà tí o bá bímọ, nítorí pé òkè pátápátá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀ ń gbé, àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè, ọkàn mi kò sì ní lè gbà á. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ kí o lè sùn? Ṣùgbọ́n mi ò bá ọ jà, òótọ́ lo sọ. Nígbà náà, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí ààrò, mo ti ń mí bí ẹni tí ejò lé.

Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa. Mo rò pé yóò ní kí n lọ sùn ni, nítorí láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé ọkàn mi kò lágbára mọ́, gbogbo ayé ló ń ní kí n jókòó. Bí mo bá mú ìgbálẹ̀, wọ́n á gbà á. Bí mo bá fẹ́ bu omi mu, wọ́n á ní ìyá, ẹ jókòó, ẹ jókòó. Nọ́ọ̀sì gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé mi láyà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá ní àìsàn yìí kì í ṣe àlejò, ayálégbé ni, kò ní kó jáde, ṣùgbọ́n èmi ṣì ni onílé. Ó ní kí n má fi oògùn mi ṣeré, kí n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀, kí n kọ́kọ́ dé ẹnu géètì, bó bá yá kí n dé ilé aládùúgbò, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó ní ìwọ̀n rẹ̀ ni pé kí n máa rìn débi tí mo ṣì lè máa sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń há mi lọ́fun, kí n dúró sinmi, bí àyà bá sì ń dùn mí tàbí òòyì ń kọ́ mi, kí n jókòó kí n ránṣẹ́ pe òun.

O mọ̀ pé èmi kì í tàpá sí àṣẹ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ bàtà, mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kí ni ènìyàn yóò máa sọ láàárọ̀ kùtù láìsí ẹnìkejì? Mo kí ògiri, mo kí igi, mo ro ẹjọ́ ewúrẹ́ fún ara mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mo ní ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú òrùlé tó ń jò, àmọ́ mo ti dárí jì í. Mi ò jẹ́ dákẹ́, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dákẹ́, ọkàn á rò pé a ti parí, á sì dúró.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè rí àgbàlagbà tó ń dá rìn kó fi í sílẹ̀. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní ìyá, ibo lẹ̀ ń lọ, mo ní mi ò lọ síbì kankan. Ó ní ẹ gùn ún, màá gbé yín débẹ̀. Ilé ló gbé mi padà sí, kò gbowó. Òmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo gun ọ̀kadà ju bí mo ṣe rìn lọ. Ni télọ̀ ìkòríta bá lọ sọ fún káfíńtà pé ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń yíwọ́ o, ó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, bí wọ́n bá sì bi í níbi tó ń lọ, kò mọ̀. Káfíńtà wá tòun tìyàwó rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń fọgbọ́n bi mí pé ta ni àwọn, ọjọ́ wo la wà. Mo dá wọn lóhùn, mo sì ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní nọ́ọ̀sì ní kí n lè sọ̀rọ̀ ni, kò ní kí n máa wàásù. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bá mi rìn láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu tirẹ̀, nítorí náà èmi kàn ń dáhùn ni.

Aago ọwọ́ tí o fi ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ohun ìyanu ni. Iná wẹ́wẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń wo inú ara mi. Bí mo bá ti jókòó pẹ́, á gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o lè sọ̀rọ̀ tí o fi kàn ń fọwọ́ tọ́ mi. Mo máa ń dìde, màá sì dá ọ lóhùn pé mo ti gbọ́. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀, mo máa ń bọ́ aago náà, màá dojú rẹ̀ kọ ògiri, nítorí lóòótọ́ èmi ni mo bí ọ, ṣùgbọ́n ohun tí kò yẹ kí ọmọ rí wà. Lọ́jọ́ kan mo dùbúlẹ̀, mò ń wo nọ́ńbà tí ọkàn mi ń lù, ni mo wá rò ó pé ọkàn yìí ti ń lù kí n tó mọ orúkọ ara mi. Mi ò rán an níṣẹ́ rí, mi ò kí i kú iṣẹ́ rí. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo sùn, ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mò ń rọbí rẹ, ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ tí èmi rò pé ó ti dúró. Ta ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rẹ̀? Omi bọ́ lójú mi, mo gbọ́wọ́ lé àyà, mo kí i.

Nígbà tí mo ti ń rìn dé ìkòríta tí mò ń padà láìdúró, nọ́ọ̀sì tún gbọ́ àyà mi, ó ní mo lè fi àtẹ̀gùn dán ara mi wò, kí n máa sinmi níbikíbi tó bá ti yí. Kò sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lágbègbè wa, ni èmi àti ìyàwó káfíńtà bá lọ sí ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní ìgboro. A wọlé, a rí àtẹ̀gùn, ó ń rìn. Ọmọ mi, irin ni, ó ń yọ láti inú ilẹ̀, ó ń gòkè fúnra rẹ̀, kò tán, kò sì rẹ̀ ẹ́. Mo dúró, ẹnu mi kò pa dé. Mo rò pé ó rí i pé àgbàlagbà ni mí ló fi ní òun ó rìn ín fún mi, bíi ti ọlọ́kadà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé kó dá a dúró, pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ fi gùn ún. Ó wò mí, ó wo ìyàwó káfíńtà, ó wá fi àtẹ̀gùn mìíràn hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti símẹ́ńtì, tó dúró jẹ́ẹ́ sójú kan, tí ẹnikẹ́ni kò gùn.

Mo di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Mo gùn díẹ̀, mo sinmi, mo tún gùn. Níbì kan, ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun, mo dúró, mo sì rò pé ibi tí màá dé náà nìyẹn, pé mi ò ní rí ọmọ rẹ àfi nínú fọ́tò. Ìyàwó káfíńtà tú gèlè rẹ̀, ó ń fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí mi lójú. Nígbà tí èémí padà, mo pe orúkọ rẹ láti fi yẹ ọ̀nà ọ̀fun mi wò, ó já gaara, ni mo bá gbẹ́sẹ̀. Mo dé òkè. Mo wo ìsàlẹ̀, mo ń rí àárín orí àwọn ènìyàn, mo sunkún, ojú kò tì mí. Àwọn tí àtẹ̀gùn onírin gbé wá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, mò ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì mọ̀ sí i, ó ti kọ oògùn tí màá mú dání. Fi owó bàtà ránṣẹ́, nítorí ìsàlẹ̀ èyí tí mò ń wọ̀ ti jẹ tán, kí o sì fi owó ọkọ̀ kún un. Owó àlọ nìkan ni o. Ti àbọ̀, ìgbà tí ọmọ bá ti ń rìn la ó sọ ọ́. Bá mi gbé àga kọ̀ọ̀kan sí ibi tí àtẹ̀gùn yín bá ti ń yí. Ọlọ́run yóò fún ọ lágbára láti gbé èyí tí o gbé, yóò sì fún mi ní èémí tí yóò gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí o bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi nísàlẹ̀, má sọ̀kalẹ̀ wá pàdé mi. Ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni. Bó ti wù kó pẹ́ tó, màá dé òkè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.