Orúkọ Tó Wà Lára Páànù

Ifọ̀, oṣù kẹta ọdún 1956

Ṣàkírù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ, mo kí Mùnírátù ìyàwó mi, mo kí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti èyí tó wà nínú rẹ̀ tí ẹ rò pé mi ò tíì gbọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí Èkó le mọ́ yín, iṣẹ́ rẹ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ òyìnbó á máa fi ojú àánú wò ọ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó kú. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí mo mọ bí àyà rẹ ṣe máa ń já tó o bá rí lẹ́tà tó nípọn. Mùsáfírù télọ̀ ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kó má gé e kúrú bó ṣe gé bùbá ọdún mi kúrú léṣìí.

Ọ̀rọ̀ ilé rẹ ni mo fẹ́ sọ, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó o lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mo kàn dédé lọ ṣe ohun tí mo ṣe.

Lásúnkànmí mọlémọlé wá láti Ìbafò nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, bó o ṣe ní kó wá. Ojú ibi tí ilé Bàbá Oníyọ̀, bàbá bàbá rẹ, wó sí la gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí, álúfà sì ṣe àdúrà sí i. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wá bá wa tẹ amọ̀, mo se ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja fún wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́ bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n bá wá. Lásúnkànmí á mọ ògiri ìpele kan yí ilé ká, á fi sílẹ̀ kó gbẹ, á tún gbé òmíràn lé e. Ìwé àwòrán ilé tó o fi ránṣẹ́ ló dà wá láàmú. Mo kọ́kọ́ bínú sí ẹni tó yà á, nítorí kò ya òrùlé kankan sí i, bẹ́ẹ̀ o ti sanwó fún un. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, níbi tó yẹ kó ya ilẹ̀kùn sí, ó ya nǹkan kan tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Lásúnkànmí ní ògiri ni, mo ní tó bá jẹ́ ògiri ni, kó mọ ọ́, àwọn ará Èkó ló mọ ìdí rẹ̀. Ó mọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ. Nígbà tó gbẹ tán, kò sẹ́ni tó lè gba ibẹ̀ wọlé àfi ewúrẹ́ kan, òun náà ò sì rí ọ̀nà jáde. A ti wó o. Tí ẹni tó ya àwòrán bá bi ọ́, sọ fún un pé a gbìyànjú.

Sìmẹ́ńtì tó o ní ká fi rẹ́ ilé, mo tọ́jú rẹ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Mo tú u sórí ẹní, mo sá a sóòrùn bí èlùbọ́ kó má baà bàjẹ́ nínú àpò. Ìrì sẹ̀ sí i, ó di òkúta mọ́ mi lẹ́ní. Padà lọ bá ẹni tó tà á fún ọ, ti àtijọ́ ló tà fún ọ.

Nígbà tí ògiri dé ibi tí òrùlé máa bà lé, ni lẹ́tà rẹ dé pé o ti fi páànù sí réluwé, kí n mú ìwé ẹrù lọ, wọ́n á sì gbé e fún mi. Mo wẹ̀, mo múra bí ẹni tó ń lọ síbi ìkómọ. Ọmọkùnrin kan ni akọ̀wé ẹrù tí mo bá ní ìdíkọ̀ réluwé, ó mọ èèyàn kí, ó ní kí n jókòó. Ó gba ìwé náà, ó wò ó, ó ní ẹrù ti dé, mo sì ń fojú ara mi rí páànù náà níbi tó tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń dán. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé orúkọ ta ló wà lára ẹrù.

Ṣàkírù, o mọ orúkọ tó o kọ síbẹ̀. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fi ń pè ọ́ lọ́fíìsì ni, orúkọ bàbá bàbá rẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọ ilé yẹn níyàwó, tí wọ́n da omi sí mi lẹ́sẹ̀, orúkọ yẹn ò jáde lẹ́nu mi rí. Ta ló jẹ́ dán an wò nínú àwa ìyàwó ilé? Bàbá Oníyọ̀ ni mo ń pè wọ́n nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń tà, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà tí mo ń kọ sí ọ gan-an, àpò ìwé rẹ àtijọ́ ni mo máa ń mú wá fún Mùsáfírù kó wo orúkọ náà lára rẹ̀ kọ.

Mo sọ fún akọ̀wé pé Bàbá Oníyọ̀ ni. Ó wo ìwé, ó ní kò sí Bàbá Oníyọ̀ níbẹ̀. Mo ní bàbá ọkọ mi ni. Ó ní kí ni wọ́n ń jẹ́. Mo ní ìyàwó ilé ni mí. Ó ní òun ò sọ pé n kì í ṣe ìyàwó ilé, orúkọ lòun ń béèrè. Mo ní ṣebí ó wà nínú ìwé tó mú dání, kó máa ka orúkọ inú rẹ̀ sókè, màá máa ní rárá, tó bá ti kàn án, màá dákẹ́, nígbà náà ló máa mọ̀ pé òun ni. Ó ní rárá, pé ẹnì kan ti fi ìwé tó he nílẹ̀ gba kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ lọ rí, àtìgbà náà làwọn ti ń gbọ́ orúkọ lẹ́nu ẹni tó bá mú ìwé wá. Mi ò lè bá a jà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ká ní bàbá rẹ wà láyé ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán lọ́jọ́ náà. Àwọn àbúrò wọn sì rèé, Kúmáṣí ni gbogbo wọn wà. Mo bá bẹ Hàkímù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà pé kó tẹ̀ lé mi. Hàkímù pe orúkọ náà ketekete, èmi sì di etí mi. Akọ̀wé wo Hàkímù, ó wo èmi, ó ní lánàá màmá yìí ò mọ orúkọ, lónìí ó ti wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, ká máa lọ kí òun tó pe ọlọ́pàá. Láti ọjọ́ náà Hàkímù ò kí mi dénú mọ́.

Mo tún padà lọ. Mo ní kí akọ̀wé bá mi fi wáyà bi ìwọ fúnra rẹ. Ó mú gègé, ó ní sí ta ni. Mo ní sí Ṣàkírù. Ó ní Ṣàkírù wo. Mo ní Ṣàkírù mi. Ó ní Ṣàkírù pọ̀ l'Ékòó, orúkọ bàbá ńkọ́. Mo sọ fún un pé wáyà náà á mọ̀ ọ́n, nítorí ìwọ lò ń retí ọ̀rọ̀ láti Ifọ̀. Ó gbé gègé sílẹ̀, ó ní kí n máa lọ sílé lọ sinmi.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sinmi? Ojú ọ̀run ti ń ṣú láti ọ̀nà Mówé. Lásúnkànmí ní bí òjò gidi kan bá lè pa ògiri náà láìlórùlé, amọ̀ la máa bá nílẹ̀. A bo orí ògiri pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ, mo kó ẹní mi lé e, mo kó aṣọ mi lé e. Àkọ́rọ̀ òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì, pẹ̀lú ìjì. Ó ká imọ̀ ọ̀pẹ, ó ká ẹní, ògiri tó kọjú sí títì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ níṣojú mi, omi pupa ń ṣàn lọ. Nígbà tí ilé àkọ́kọ́ wó, abẹ́ igi ọsàn ni Bàbá Oníyọ̀ jókòó sí tí wọ́n ń wò ó, ọdún náà ni wọ́n sì kú. Ó wá dà bíi pé wọ́n tún jókòó síbẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀. Mo dé ìdíkọ̀ réluwé láìwé gèlè, omi ń jò lára mi, ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èrò kún ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Akọ̀wé rò pé òun ni mo kúnlẹ̀ fún, ó ń fà mí dìde, bẹ́ẹ̀ Bàbá Oníyọ̀ ni mo ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn. Mo dijú, mo pe orúkọ náà. Akọ̀wé ní kí n má bínú, òjò ń pariwo lórí òrùlé, òun ò gbọ́. Mo tún un pè. Ṣàkírù, mo fi igbe pè é, gbogbo èrò sì yíjú sẹ́yìn bíi pé wọ́n máa dáhùn.

Ojú akọ̀wé náà rọ̀. Ó ní kí n tẹ ìka mi sínú ìwé, ó sì béèrè orúkọ èmi fúnra mi kó lè kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Ṣàkírù ló wá sí mi lẹ́nu, ṣáájú ìyẹn ìyàwó ni, kò sẹ́ni tó pè mí ní nǹkan mìíràn nínú ilé yẹn rí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí orúkọ mi sọ.

Káfíńtà ti kan páànù náà. Ògiri kan ṣoṣo la máa tún mọ, ilé rẹ ti bọ́ lọ́wọ́ òjò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ náà, ọbẹ̀ mi ò gba iyọ̀ mọ́. Mo bu iyọ̀ sí i, ó tẹ́, mo tún bù ú, ó di iyọ̀ lásán. Ta ló tún ń bínú bẹ́ẹ̀ tí kì í bá ṣe wọn? Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi dín mọ́sà, kí n ṣe sàráà fún wọn. Kó o sì wá fúnra rẹ wá bá mi bẹ̀ wọ́n, ìwọ ò ṣe ìyàwó wọn, kò sí èèwọ̀ lẹ́nu tìrẹ. Sọ fún wọn pé ilé wọn náà ni mo ń bò.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o gbé inú ilé náà pẹ́, ọmọ rẹ á bí ọmọ síbẹ̀, òjò á máa rọ̀ sórí rẹ̀, kò ní rọ̀ sínú rẹ̀. Ó ku ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Tó o bá ń fi wọ́n sí réluwé, má kọ orúkọ Bàbá Oníyọ̀ sí i mọ́, orúkọ mi ni kó o kọ. Mo ti ń dá a pè nínú yàrá mi láràárọ̀, kí n má baà tún gbàgbé rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúlẹ̀mọ̀tù