Òpó Ìkẹyìn Nínú Ìwé Oníbàárà Yín

Màmá wa, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko, ilé ìtajà oògùn yín ò sì tíì kógbá wọlé. Àbíkẹ́yìn yín ti jáde ní yunifásítì. Bàbá ti ń se oúnjẹ fúnra wọn, àwa náà sì ń fi sùúrù jẹ ẹ́.

Àkọ́bí yín ló wà nídìí káńtà báyìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́, àmọ́ lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan dé tó fẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ.

Kọ̀ǹpútà yín àtijọ́ ti ń ṣe ségesège, ló bá kó ìwé orúkọ àwọn oníbàárà, tí ẹ tò ní òpó-òpó sórí rẹ̀, sínú ètò ímeèlì tuntun. Ètò náà ń bi í: òpó wo ni orúkọ, èwo ni nọ́ńbà fóònù, èwo ni àdírẹ́sì ímeèlì? Ó wá kan òpó ìkẹyìn, níbi tí ẹ máa ń kọ oògùn tí ara oníkálukú kọ̀ sí. Ètò náà ò ní àyè fún irú rẹ̀. Ó ní kó fò ó. Ó sì fò ó.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́tà dé láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn: pẹnisilíìnì ti ṣèèṣì dà pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀fọ́rí tí a ti ń tà láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ pẹnisilíìnì kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Àkọ́bí yín wá irú wọn nínú ètò náà, kò rí ẹyọ kan. Ó sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tan án kó tó ṣí.

Ó dá àyè tuntun sílẹ̀ nínú ètò náà, ó pè é ní "Ohun tí ara kọ̀", ó sì tún gbogbo orúkọ kó wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi òpó yín síbi tó yẹ. Ó wá pẹnisilíìnì: èèyàn mọ́kànlá. Ó ti kọ ìkìlọ̀ tán, ó ku kó tẹ̀ ẹ́ kó lọ, ni àbíkẹ́yìn yín bá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró ná. Ìyá aránṣọ dà? Ṣé kì í ṣe pẹnisilíìnì ló mú kí ojú wọn wú lọ́jọ́sí?"

Wọ́n wo ibi orúkọ ìyá aránṣọ. Màmá, "pẹní" lásán lẹ kọ síbẹ̀. Ẹ máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú bí èrò bá pọ̀ níwájú yín. Ó fi "pẹní" wá a, àwọn mẹ́rin míì yọjú, ìyá aránṣọ sì wà lára wọn.

Ó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ki fóònù mọ́lẹ̀. Ìyá aránṣọ ò tètè gbé e. Ìgbà kẹta ni wọ́n dáhùn.

"Ọmọ mi, orí ló ń fọ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi tí màá fi lo oògùn yín ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má lò ó. Ẹ gbé e sílẹ̀."

Wọ́n gbé e sílẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mẹ́rìnlá nínú wọn ti dáhùn, nǹkan kan ò ṣe ẹnikẹ́ni.

Ímeèlì kan ṣoṣo ló padà wá, pé àdírẹ́sì náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Tiyín ni. Ara tiyín náà kọ pẹnisilíìnì, ẹ sì ti kọ orúkọ ara yín mọ́ tàwọn oníbàárà. Ètò náà bi àkọ́bí yín bóyá kí òun yọ ọ́ kúrò. Ó tẹ rárá.

Ibẹ̀ lẹ ṣì wà, Màmá, láàárín àwọn èèyàn yín. Àárò yín ń sọ wá lójoojúmọ́, ìfẹ́ yín ò sì dín kù lọ́kàn wa.